Ṣé Ṣẹ́ẹ̀sì Lè Di Ayò Tí Tẹrú Tọmọ Ń Ta? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́, àwọn òbí àtàwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ máa ń béèrè jù la kó jọ síbí. Ẹ jẹ́ ká ti sọ èrò wa kí ẹ tó kà síwájú: kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò fẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Wọ́n ń wọlé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ń dìde.

Ṣé ṣẹ́ẹ̀sì kò tíì gbajúmọ̀ tó ni?

Ó kù sí ohun tí ẹ bá fi wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ iye ẹni tó ń ta á ni, ó gbajúmọ̀ gan-an. FIDE, àjọ tó ń bójú tó o lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Paris ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1924, ní àjọ orílẹ̀-èdè tó tó nǹkan bí 200 lábẹ́ rẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lórí Chess.com nìkan, ojúlé tí wọ́n ti ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé mílíọ̀nù 100. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣì ń ta á o. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀, tó ta géèmù méjì, tí kò sì padà wá mọ́, wà nínú iye yẹn.

Tó bá wá jẹ́ ti wíwò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀ mọ̀ pé góòlù ti wọlé. Ẹni tí kò mọ ṣẹ́ẹ̀sì lè jókòó ti ọpọ́n fún wákàtí mẹ́ta láì mọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń ròkè. Ká pọ̀ sí i nídìí títa àti ká pọ̀ sí i nídìí wíwò, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ètò ló forí ṣánpọ́n torí pé àwọn tó ṣe é da méjèèjì pọ̀.

Kí ló ti gbé e sókè rí?

Lọ́dún 1972, Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà kojú Boris Spassky ará Soviet nílùú Reykjavik, lórílẹ̀-èdè Iceland, fún ipò akọni àgbáyé. Àwọn tí kò mọ bí ẹṣin ṣe ń rìn lórí ọpọ́n ń wá ìròyìn rẹ̀ kiri, nítorí pé ìjà Amẹ́ríkà àti Soviet ni wọ́n rí níbẹ̀. Fischer borí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1975 tó yẹ kó jáde wá gbèjà ipò rẹ̀, kò wá, wọ́n sì gbé e fún Anatoly Karpov. Ìtara àwọn tó jẹ́ pé torí Fischer ni wọ́n ṣe wá rọlẹ̀.

Ti ọdún 2020 tún ga ju ìyẹn lọ. Àrùn kòrónà sé àwọn èèyàn mọ́lé. Lóṣù Kẹfà, Chess.com ṣe ìdíje kan tó ń jẹ́ PogChamps: wọ́n kó àwọn gbajúmọ̀ tó ń ṣe géèmù mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òpè pátápátá nínú ṣẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀gá máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ta. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, Netflix gbé The Queen's Gambit jáde, eré alápá méje. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé ilé mílíọ̀nù 62 ló wò ó láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́.

Kò sí òfin kankan tí wọ́n yí padà lórí ọpọ́n nínú gbogbo èyí. Ohun tí aráyé rí ni èèyàn tí wọ́n lè gbè sẹ́yìn. Lójú tiwa, PogChamps ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Àṣìṣe tí ẹni tó ń wò ó lè rí fúnra rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, òun náà á máa pariwo pé “Ayaba ẹ! Ayaba ẹ!” kí ẹni tó ń ta á tó rí i.

Kí ló ń lé ẹni tuntun sá?

Èyí àkọ́kọ́ ni kí wọ́n na èèyàn láì jẹ́ kó mọ ohun tó bá a. Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ jù. (Lẹ́tà ń sọ òpó ilé, láti ọwọ́ òsì funfun lọ sí ọ̀tún; nọ́ńbà ń sọ ìlà, láti ọ̀dọ̀ funfun lọ sí ọ̀dọ̀ dúdú.) Funfun gbé pọ́ọ̀nù iwájú ọba rẹ̀ sí e4, dúdú náà gbé tirẹ̀ sí e5. Funfun gbé bíṣọ́ọ̀bù sí c4, dúdú gbé ẹṣin sí c6. Funfun gbé ayaba sí h5. Ẹni tuntun rí ayaba, ó ní òun á lé e, ó gbé ẹṣin kejì sí f6. Ayaba jẹ pọ́ọ̀nù f7, ó sì tán. Ọba kò lè jẹ ayaba náà torí bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní c4 ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ilé kankan tó lè sá sí. Ìrìn mẹ́rin péré! Ẹni tí wọ́n bá ṣe èyí fún lẹ́ẹ̀mejì léraléra, bó bá rẹ́rìn-ín lójú yín, ẹ má retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi hàn án pé f7 nìkan ni pọ́ọ̀nù dúdú tó jẹ́ pé ọba dá a ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ayaba bá ti dé h5, kó gbé pọ́ọ̀nù sí g6, ọ̀nà ti dí nìyẹn, ayaba á sì sá. Àmọ́ ẹ sọ ìyókù fún un o: ẹṣin gbọ́dọ̀ ti wà ní c6 kó tó gbé g6. Bí pọ́ọ̀nù e5 kò bá ní aláàbò, ayaba á jẹ ẹ́ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì (ìyẹn ni pé á dojú kọ ọba tààrà), róòkù tó wà ní h8 á sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi g6 kọ́ni láì sọ ìdí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá lò ó níbi tí kò yẹ, á pàdánù róòkù, á sì gbà pé òun ni orí òun kò pé.

Èkejì ni kí wọ́n so òpè pọ̀ mọ́ ọ̀ta. Lórí Lichess, ojúlé ṣẹ́ẹ̀sì mìíràn, 1500 ni máàkì tó ń sọ bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan á kọ́kọ́ pàdé àwọn tó mọ̀ ọ́n ta, á máa fìdí rẹmi títí ètò náà á fi mọ ibi tó wà. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ Chess.com ló lò, kó sọ òótọ́ nígbà tí wọ́n bá bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ẹ̀tẹ́ ni ìgbéraga ń fà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta kì í hàn sójú: èèyàn jẹ gbogbo ọmọ ayò ẹnìkejì tán, ó ku ọba nìkan, kò sì mọ bó ṣe máa parí rẹ̀. Á máa lé ọba kiri títí yóò fi sé gbogbo ilé mọ́ ọn láì fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì, ọ̀mì nìyẹn. Ó dùn wọ́n ju kí wọ́n nà wọ́n lọ.

Báwo ni ká ṣe kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan rárá?

Ẹ má to ọmọ ayò 32 síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ to pọ́ọ̀nù nìkan, mẹ́jọ mẹ́jọ, sí ibi tí wọ́n máa ń wà. Ẹni tí pọ́ọ̀nù rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn ló jẹ. Òfin mẹ́ta péré ló nílò: pọ́ọ̀nù ń lọ síwájú ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó lè rin méjì nígbà tó bá ń kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ jẹun, ní igun iwájú lọ́tùn-ún tàbí lósì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti ta géèmù tó tán, ó sì ti lè jẹ ọ́. Kò sí ohun tó ń mú ẹni tuntun padà wá bí ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ fi ọba kún un, ẹ tún ta á. Lẹ́yìn ọba, róòkù, torí pé ìrìn rẹ̀ tààrà ni. Kí bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e. Ayaba kò ní ṣòro mọ́ nígbà yẹn, nítorí róòkù àti bíṣọ́ọ̀bù la pa pọ̀. Ẹṣin ló kẹ́yìn: ilé méjì tààrà àti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun nìkan ló sì ń fo ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kó mọ iye tí wọ́n tó síra wọn: pọ́ọ̀nù 1, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù 3, róòkù 5, ayaba 9. Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti mọ́ ọn lára ni kí ẹ tó fi bí ọba àti róòkù ṣe ń ṣípò pa pọ̀ hàn án, àti bí pọ́ọ̀nù ṣe ń jẹ pọ́ọ̀nù tó fo ilé méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí, tí ẹ bá sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á rò pé ẹ ń rẹ́ òun jẹ ni.

Nígbà tí ẹ bá ń to ọpọ́n, ilé funfun ni kó wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún oníkálukú, kí ayaba sì dúró lórí àwọ̀ rẹ̀: funfun lórí funfun, dúdú lórí dúdú.

Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í há ìrìn ìbẹ̀rẹ̀ sórí, kó mọ bí wọ́n ṣe ń fi róòkù méjì pa ọba tó dá wà, kó sì mọ ti ayaba àti ọba. Àwọn olùkọ́ kan fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ látorí ìrìn ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fún lórúkọ bàǹtà-banta. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n nídìí ìrìn karùn-ún ẹnìkejì á gbé ohun tí kò sí nínú ìwé, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ parí sí.

Ṣé ó dìgbà tí orí èèyàn bá pé ju ti ẹlòmíì lọ?

Rárá. Àwọn tó ń polówó ṣẹ́ẹ̀sì ló fọwọ́ ara wọn gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀, òun ló sì ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Àṣìṣe tó ń parí géèmù láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ pípé, àìwo ọpọ́n dáadáa ni. Kó tó gbé ọmọ ayò, kó bi ara rẹ̀ pé: “Kí ló lè jẹ mí níbi tí mò ń lọ yìí?” Ìbéèrè yẹn nìkan á gbé e kọjá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ ìṣirò?

Ẹ má fi ìyẹn tà á. Armenia sọ ṣẹ́ẹ̀sì di ẹ̀kọ́ kàn-ń-pá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, ohun tó wuyì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò nílẹ̀ England ní ilé ẹ̀kọ́ 100, tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì fún nǹkan bí 30 wákàtí láàárín ọdún kan, àbájáde tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan sí i, máàkì ìṣirò wọn kò ju ti àwọn tí kò kọ́ ọ lọ. Òbí tó mú ọmọ wá torí ìṣirò á mú un lọ nígbà tí kò bá rí ìṣirò. Èyí tó mú un wá torí pé ọmọ ń gbádùn rẹ̀ kò ní ìdí láti mú un lọ.

Kí ló dé tí wíwò rẹ̀ fi ṣòro, kí la sì lè ṣe sí i?

Géèmù ńlá ń pẹ́. Ní ìdíje ọdún 2021 fún ipò akọni àgbáyé láàárín Magnus Carlsen àti Ian Nepomniachtchi, géèmù kẹfà gba ìrìn 136, ó sì lé ní wákàtí méje. Ta ló fẹ́ jókòó ti ìyẹn bí kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Ohun tí wọ́n fi ń ran òǹwòran lọ́wọ́ báyìí ni ọ̀pá tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n lójú ẹ̀rọ, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣírò ẹni tó wà lókè. Ó wúlò: ẹni tí kò mọ nǹkan kan á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ó ní ìpalára tirẹ̀. Ọ̀pá náà á já wálẹ̀, òǹwòran á máa fi akọni àgbáyé ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò rí ohun tí òun rí, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí kọ̀ǹpútà rí jìnnà tó ìrìn mẹ́wàá síwájú. Alálàyé tó mọṣẹ́ á pa ọ̀pá náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ òǹwòran pé kí ni wọ́n máa gbé, á wá ṣí i. Ẹni tó ti sọ tẹnu rẹ̀ á fẹ́ dúró wo ibi tó máa já sí.

Ohun kejì ni aago. Ẹ fi aago hàn gàdàgbà. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ọwọ́ ẹnì kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sí ẹni tí kò ní yé. Ojú àwọn atayò pẹ̀lú: ẹ má fi kámẹ́rà sórí ọpọ́n nìkan.

Ṣé kò yẹ kí wọ́n yí òfin padà?

Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ta ni ìbéèrè yìí kàn. Ní London lọ́dún 2018, nínú ìdíje fún ipò akọni àgbáyé, gbogbo géèmù 12 tí Carlsen àti Fabiano Caruana kọ́kọ́ ta ló já sí ọ̀mì, kí Carlsen tó fi géèmù kíákíá jẹ 3–0. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá fi ń wá ọ̀nà mìíràn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti Fischer, tó gbé jáde lọ́dún 1996: wọ́n á da àwọn ọmọ ayò ẹ̀yìn rú kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà 960 ló sì wà tí wọ́n lè gbà tò wọ́n. Ó dára fún ẹni tí ìrìn ìbẹ̀rẹ̀ ti sú. Fún ẹni tuntun, ìdàrúdàpọ̀ ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn ni kí wọ́n dín àkókò kù. Ìdíje àgbáyé ti géèmù kíákíá ń fún oníkálukú ní ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú àfikún ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ti èyí tó yára jù, ìṣẹ́jú 3 pẹ̀lú àáyá 2. Òfin kò yí padà, géèmù sì ń tán kí ojú tó sú èèyàn.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò ti ba adùn rẹ̀ jẹ́?

Bí wọ́n ṣe sọ nìyẹn lóṣù Karùn-ún ọdún 1997, nígbà tí Deep Blue, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ IBM, na Garry Kasparov, akọni àgbáyé ìgbà náà, ní New York pẹ̀lú máàkì 3½ sí 2½. Iye atayò kò dín kù lẹ́yìn ìgbà náà. Kọ̀ǹpútà ló jẹ́ kí ẹni tí kò ní olùkọ́ lè mọ ibi tó ti ṣì í kété tí géèmù bá tán.

Ibi tí wàhálà wà ni ìrẹ́jẹ. Ètò tó wà lórí fóònù lágbára ju akọni àgbáyé lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè lò ó. Àwọn ojúlé ńlá ń yẹ ìrìn wò, wọ́n sì ń ti àkáǹtì pa. Níbi ìdíje ojúkojú, òfin FIDE kò gba fóònù lára atayò. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lè pàdánù géèmù náà lójú ẹsẹ̀. Ní ẹgbẹ́ kékeré, ẹ gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo fóònù á wà, kí ti adájọ́ náà wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí obìnrin kò fi pọ̀ nínú rẹ̀?

Kì í ṣe pé wọn kò lè ṣe é. Judit Polgár ará Hungary wọ ipò kẹjọ lágbàáyé lọ́dún 2005 láàárín tọkùnrin tobìnrin, ó sì ti na Kasparov rí lọ́dún 2002. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo á wọ yàrá tí ọmọkùnrin 20 wà, á wo ọ̀tún wo òsì, kò ní padà wá. Nítorí náà, ẹ pè wọ́n ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fi obìnrin sínú àwọn tó ń kọ́ni, kì í ṣe sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ nìkan.

A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Kí la nílò?

Fún èèyàn 16, ọpọ́n mẹ́jọ. Ẹ ra èyí tó ṣeé ká, tí ilé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, pẹ̀lú ọmọ ayò oníke tó wúwo nídìí, kí ọba ga tó sẹ̀ǹtímítà 9.5. Èyí tó fúyẹ́ máa ń ṣubú, ìjà ibi tó wà tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀. Kí ayaba kan lé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí pọ́ọ̀nù tó bá dé òpin lè di ayaba. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láì ní aago, àmọ́ ẹ kò lè ṣe ìdíje láìsí i: ẹnì kan á ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ibi tí èrò ń kọjá ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe yàrá ẹ̀yìn. Ẹ to ọpọ́n kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú géèmù tó ku ìrìn kan, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Funfun ló kàn. Ìrìn kan péré, ó tán. Èwo ni?” Ẹni tó bá dúró wò ó ti di tiyín dé ààbọ̀.

Fún ìdíje àkọ́kọ́, ẹ fún oníkálukú ní ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú àfikún àáyá 5 fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Géèmù tó gba ìrìn 60 kò ní ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ẹ máa so àwọn tí máàkì wọn bá dọ́gba pọ̀ lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde. Ìpele mẹ́rin tó fún èèyàn 16, márùn-ún fún 32. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 40 sí ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ti parí ìpele mẹ́rin láàárín wákàtí mẹ́ta. Bí iye wọn kò bá pé méjì-méjì, ẹni tó ṣẹ́kù gba máàkì kan, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdíje tí ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan á lọ sílé dára fún òǹwòran. Fún ẹgbẹ́ tuntun, ìdajì àwọn tí ẹ pè lẹ ti lé lọ lẹ́yìn ìdajì wákàtí nìyẹn.

Ẹ ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Àwọn ọ̀ta á kùn sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Ṣé akọni kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di ti gbogbo ìlú?

Ó lè ṣílẹ̀kùn. Viswanathan Anand di grandmaster (oyè tó ga jù tí FIDE ń fún atayò) àkọ́kọ́ ní India lọ́dún 1988. Lónìí wọ́n ti lé ní 80. Lọ́dún 2024, India gba góòlù nínú Olympiad, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ní Budapest, ti gbogboogbò àti ti obìnrin, oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Gukesh, ọmọ ọdún 18, gba ipò akọni àgbáyé lọ́wọ́ Ding Liren ní Singapore. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tó wà láàárín. Àwọn olùkọ́, ìdíje àwọn ọmọdé àti òbí tó ń gbé ọmọ lọ gbé ọmọ bọ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ṣé ó máa wọ Olympic?

Àjọ Olympic ti ka FIDE sí àjọ eré ìdárayá láti 1999, àmọ́ ṣẹ́ẹ̀sì kò sí lára ohun tí wọ́n ń díje lé lórí. Ẹ má dúró dè é.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ má ka iye ẹni tó wá lọ́jọ́ ìṣíde. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọlé, kí ẹ sì wo iye tó ṣì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kẹfà. Bó bá jẹ́ àwọn òpè ló ń dín kù, ẹ wo àwọn tí ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ nígbà gbogbo. Ẹ pín tábìlì sí méjì. Bó bá jẹ́ àwọn ọ̀ta ló ń lọ, wọn kò rí ẹgbẹ́ wọn ni. Ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹ lè máa bá díje lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá jẹ́ pé tọ̀tún tòsì ló ń lọ, ẹ wo wákàtí tí ẹ fi sí i àti bí àga ṣe rí kí ẹ tó dá ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́bi.